Ojú lọ̀rọ̀ wà: ohun tí ojú rédíò VHF ń sọ fún awakọ̀ ojú omi

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀tù fáíbà akérò ni mò ń wà láti Ìkòròdú, a sì máa ń dé Bàdágìrì nígbà mìíràn. Ọ̀gá wa ra rédíò VHF tòkunbọ̀ kan tó ti Amẹ́ríkà wá, wọ́n sì ti kàn án mọ́ iwájú mi. Nígbà tí a kọ́kọ́ tàn án, ariwo 'ṣììì' ló ń pa ṣáá. Ọmọ iṣẹ́ mi yí bọ́tìnnì SQL títí ó fi dákẹ́. Láti ọjọ́ náà, agbára káká la fi ń gbọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní èbúté ní àwọn gbọ́ mi lórí ìkànnì tí wọ́n ní kí n bọ́ sí, ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ èsì wọn. Tí mo bá jìnnà díẹ̀, àwọn náà ò gbọ́ mi mọ́. Mo ń rí A kékeré lẹ́yìn àwọn nọ́mbà kan. Bọ́tìnnì pupa kan tún wà lábẹ́ ìdérí tí wọ́n kọ DISTRESS sí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ṣé rédíò yìí ti bàjẹ́ ni? Fọ́tò ojú rẹ̀ rèé."

Ẹ kú wàhálà ojú omi, àbúrò mi. Rédíò yín ò bàjẹ́ rárá. Mo tẹjú mọ́ fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù mi, gbogbo ohun tí ẹ bi mí pátá ló ti wà níbẹ̀. Nọ́mbà 16 ńlá ló wà láàárín síkírìn. Lókè rẹ̀ lápá ọ̀tún, USA. Lábẹ́ rẹ̀, LO. Níbi tó yẹ kí ibi tí bọ́ọ̀tù wà ti hàn, ìlà kéékèèké ni mo rí, bí ìgbà tí ọmọdé fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí síléètì. Àmì funfun tó wà lórí bọ́tìnnì SQL ti yí sí ọ̀tún dé òpin. Àìsàn mẹ́rin nìyẹn, kò sì sí èyí tó gba pé kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀yìn rédíò nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti orí SQL bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ṣe ẹ̀tàn jù. Squelch ni orúkọ rẹ̀. Rédíò VHF kì í sinmi. Bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ ariwo ojú ọ̀run, ó sì ń gbọ́ ariwo inú ara rẹ̀. Òun ni "ṣììì" tí ẹ gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Iṣẹ́ squelch ni láti dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi mẹ́gádì. Kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ariwo lásán wọlé, ṣùgbọ́n tí ohùn èèyàn bá dé, kó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń yí bọ́tìnnì lẹ ń sọ fún mẹ́gádì bí àlejò ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó kó tó wọlé. Ọmọ iṣẹ́ yín ti sọ fún un pé àfi òmìrán. Ọkọ̀ ńlá tó wà nítòsí, tí rédíò rẹ̀ ń bú ramúramù, á wọlé. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti ń lọ, tí omi ti ń rọ́ wọ bọ́ọ̀tù rẹ̀, tó ń fi rédíò ọwọ́ kékeré ké láti ọ̀nà jíjìn, mẹ́gádì á tì í síta, ẹ ò sì ní mọ̀ láé pé ẹnì kan kanlẹ̀kùn.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì ná, torí iná púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì náà máa ń dá kún ariwo tí rédíò ń gbọ́. Tí ẹ bá tò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, gbàrà tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì ni "ṣììì" á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ yí VOL dé àárín. Ẹ dá SQL padà sí òsì títí ariwo á fi bú jáde. Tó bá bú jáde, ẹ má bínú sí i. Ó fi hàn pé etí rédíò là, ó sì jẹ́ kí ẹ mọ bí VOL yín ṣe ga tó. Lẹ́yìn náà, ẹ máa yí SQL lọ sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Ibì kan wà tí ariwo á gé lójijì. Ẹ kọjá ibẹ̀ ní ìwọ̀n orí ìṣáná, kí ẹ dúró. Ó tán. Àràárọ̀ ni kí ẹ máa ṣe é, torí ibi tí ariwo ti ń gé lọ́hùn-ún ní Ìkòròdú lè má jẹ́ ibi tó ti ń gé nítòsí àwọn ọkọ̀ ńlá Àpápá.

Bí ẹ ti ń yí i, ẹ máa wo síkírìn. Ọ̀rọ̀ kékeré kan á máa yọ, á sì máa lọ: BUSY ni wọ́n ń kọ lára rédíò kan, RX lára òmíràn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀kùn mẹ́gádì ṣí sílẹ̀. Tí BUSY bá hàn tí ẹ ò sì gbọ́ nǹkan kan, SQL kọ́ ló ṣe yín, VOL yín ló wálẹ̀ tàbí ẹnu sípíkà ló di. Tí BUSY bá hàn láìlọ, tí "ṣììì" sì ń pariwo, SQL ti lọ sílẹ̀ jù. Tí BUSY ò bá hàn láti àárọ̀ títí di alẹ́, ní ọ̀sà Èkó níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí bí èyí, ẹ fura.

Ẹ má sì bá ọmọ iṣẹ́ yín jà. Èmi náà ṣe é rí. Mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, lórí ọkọ̀ kan tó máa ń fa àwọn ọkọ̀ ńlá wọ èbúté. Orí ń fọ́ ọ̀gá wa, ó ní kí n pa ejò yẹn lẹ́nu mọ́. Mo yí SQL dé òpin. Inú ọkọ̀ tòrò, a jẹ ẹ̀bà, a sùn lọ fọnfọn. Ọkọ̀ tó yẹ ká lọ fà ti ń pè wá fún bíi wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí bọ́ọ̀tù kékeré kan wá kàn wá lára láti jí wa, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá nawọ́ sí ni bọ́tìnnì SQL, èkejì ni èmi.

Ọ̀rọ̀ USA ló kàn, òun náà ló sì fà á tí àwọn ará èbúté fi ń gbọ́ yín tí ẹ̀yin ò gbọ́ tiwọn. Nọ́mbà ìkànnì tí ẹ ń rí lójú rédíò, orúkọ lásán ni. Ọ̀nà tí ohùn ń gbà gan-an wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Amẹ́ríkà ní ìwé orúkọ tirẹ̀, Kánádà ní tirẹ̀. Ìyókù ayé, títí kan àwa níbí, ń lo ti àgbáyé tí rédíò ń kọ ní INT. Àwọn ìkànnì kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ náà lẹ ti ń gbọ́ èsì. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà méjì, ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, ibùdó orí ilẹ̀ ń fèsì lórí èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkànnì 22 ṣe àpẹẹrẹ. Lórí INT, ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ lórí 157.100 MHz, ibùdó orí ilẹ̀ ń fèsì lórí 161.700 MHz. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ká ọ̀nà kejì kúrò: orí 157.100 ni tọ̀túntòsì ti ń sọ tí wọ́n sì ti ń gbọ́. Wọ́n fi A sẹ́yìn nọ́mbà náà kó lè yàtọ̀, ó di 22A. Lára rédíò tuntun, A yẹn ti kúrò, nọ́mbà mẹ́rin ni wọ́n ń kọ, 1022. Ẹ wá wò ó báyìí. Ohùn yín gba 157.100 lọ, ó dé etí àwọn ará èbúté láìsí wàhálà. Wọ́n fèsì lórí 161.700. Rédíò yín ò sí níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí, ó ń retí àlejò tó ń kan ilẹ̀kùn iwájú ilé. Ìkànnì 16 ní tirẹ̀, tí gbogbo ọkọ̀ fi ń pe ara wọn tí wọ́n sì fi ń ké fún ìrànwọ́, 156.800 MHz, kì í yí padà níbikíbi láyé, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra rédíò Amẹ́ríkà kì í fi í tètè fura. Á dán 16 wò, á gbọ́ èèyàn, á ní rédíò òun dára. Ìgbà tí wọ́n bá ní kó bọ́ sí ìkànnì mìíràn ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀.

Yíyí i padà ò le. Lára rédíò kan, ẹ ó rí U/I/C tí wọ́n kọ tín-ín-tín sókè bọ́tìnnì kan tàbí sábẹ́ rẹ̀. Lára òmíràn ẹ ó kọ́kọ́ di bọ́tìnnì kan mú kí ẹ tó tẹ èkejì. Lára òmíràn, inú MENU ló wà. Ẹ wá ìwé rédíò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ àti nọ́mbà rẹ̀ wà lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kàn máa tẹ bọ́tìnnì kiri. Ohun tí ẹ ń wá ni kí USA kúrò lójú síkírìn, kí INT rọ́pò rẹ̀. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, àwọn A yẹn á lọ. Ẹ tún máa rí i pé ìkànnì 13 àti 67, tí rédíò ń fipá rẹ agbára wọn sílẹ̀ nígbà tó wà lórí USA, á padà bọ̀ sípò. Bọ́tìnnì WX ní tiẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, "ṣììì" nìkan lẹ ó gbọ́ níbẹ̀ ní Èkó.

Ṣùgbọ́n INT náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tí ẹ̀yin àti awakọ̀ bọ́ọ̀tù mìíràn bá jọ bọ́ sórí ìkànnì ọlọ́nà méjì, ẹ ò ní gbọ́ ara yín bí ẹ tilẹ̀ jọ fara kanra, torí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà ọkọ̀, ẹ sì jọ ń gbọ́ ọ̀nà orí ilẹ̀. Ọkọ̀ sí ọkọ̀, ẹ lo 6, 8, 72 tàbí 77. Ọlọ́nà kan ni gbogbo wọn. Ẹ má jókòó sórí 16 láti sọ ìtàn o. Ẹ pe ara yín níbẹ̀, ẹ fi ẹnu kò sí nọ́mbà kan, ẹ bọ́ síbẹ̀.

LO ló kàn lára ohun tí mo rí lójú síkírìn, ìyẹn agbára tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀. Rédíò tí wọ́n kàn mọ́ ọkọ̀ kì í ju 25 wáàtì lọ, tó bá wà ní HI; tó bá wà ní LO, wáàtì 1 péré ni. Ẹnì kan ti tẹ H/L, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin gan-an, torí lára rédíò púpọ̀ bọ́tìnnì náà wà lára máìkì, níbi tí àtàǹpàkò ti máa ń ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Wáàtì 1 tó láti bá ẹni tó wà ní jẹ́tì sọ̀rọ̀, kódà òun ló yẹ níbẹ̀, kí ẹ má baà bo àwọn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá ti dé ojú alagbalúgbú omi, ẹ padà sí HI.

Ibi tí mo fẹ́ ká ti yanu díẹ̀ nìyí, torí àwọn tó ń ta rédíò máa ń fi wáàtì yangàn. Ohùn VHF kì í tẹ̀ tẹ̀lé bí ayé ṣe rí roboto bí ẹ ṣe rò. Ibi tí èríàlì bá lè rí ni ohùn ń dé, ó fi díẹ̀ lé e. Èríàlì tó ga ní mítà 1 sórí omi ń ríran tó nǹkan bíi kìlómítà 4. Ẹ gbé e sókè dé mítà 4, ó di nǹkan bíi 8. Ti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹ ó fi kún un: tí èríàlì tiwọn bá wà lórí òpó onímítà 25, tiwọn ń ríran tó 20. Nítorí náà bọ́ọ̀tù méjì tí èríàlì wọn jọ wà nílẹ̀ bí ẹni jókòó lè má gbọ́ ara wọn ju kìlómítà 8 lọ, wáàtì 25 kó wáàtì 25 lọ. Ẹ kò ya fọ́tò èríàlì yín. Mo mọ àwọn bọ́ọ̀tù fáíbà wa, mo mọ bí àwọn kan ṣe máa ń dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó kí àwọn èrò má baà kọsẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ rà òpó kékeré kan, ẹ gbé e ga. Owó yẹn á ṣiṣẹ́ ju owó rédíò tuntun lọ. Ẹ má sì tẹ máìkì rárá nígbà tí wọ́n bá ti yọ èríàlì, agbára tí kò rọ́nà jáde á yí padà sínú rédíò, ó lè jó o.

Nígbà tí ẹ bá tẹ máìkì láti sọ̀rọ̀, TX ló yẹ kó hàn lójú síkírìn. Ẹ wo iná síkírìn ní àsìkò náà. Tó bá ṣe bí ẹni fẹ́ kú, tàbí tí àmì bátìrì bá yọ, wàyà tó ń gbé iná wá tín-ín-rín jù, tàbí iyọ̀ omi òkun ti jẹ ẹnu rẹ̀. Ní HI, rédíò ń mu nǹkan bíi 5 áńpíà. Gbígbọ́ lásán kì í sábà mu ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi lè máa gbọ́ dáadáa lórí bátìrì tó ti rẹ̀, kó sì pa lẹ́nu gẹ́rẹ́ tí ẹ bá ní kó sọ̀rọ̀. Tí TX bá sì dúró síbẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ nǹkan kan, ẹ sáré wá máìkì. Ó ti há sábẹ́ ìdí ẹnì kan tàbí sáàárín ẹrù. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìkànnì náà ni ẹ dí lọ́nà, tí wọ́n sì ń gbọ́ ìjà tí ẹ ń bá olówó ọkọ̀ jà. Rédíò púpọ̀ máa ń gé ara wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 5 pọ̀ fún ẹni tó ń rì.

Bọ́tìnnì pupa wá kàn. Mo mọ̀ pé òun lẹ fi sẹ́yìn ìbéèrè yín torí ìtìjú, òun ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó má ṣeé ṣèèṣì tẹ̀. Ìdérí ló bò ó, ẹ sì gbọ́dọ̀ di í mú. Lára rédíò púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni, àwọn kan tó 5. Bí ẹ ti dì í mú ni rédíò á máa ké "pím, pím", tí síkírìn á máa ka nọ́mbà sẹ́yìn. Tí ẹ bá jáwọ́ kó tó kà á tán, kò sí ohun tó lọ. Tó bá kà á tán, rédíò á fi ìkànnì 70 rán igbe ìrànwọ́, ní nọ́mbà, kì í ṣe ní ohùn, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ìkànnì 70 sọ̀rọ̀. Gbogbo rédíò DSC, ìyẹn àwọn tó lè gba irú ìránṣẹ́ onínọ́mbà yìí, tó wà nítòsí á bú sí igbe, yálà awakọ̀ wọn ń gbọ́ 16 tàbí kò gbọ́ ọ, yálà SQL wọn ga tàbí kò ga. Ẹ ò rí i pé bọ́tìnnì yìí kọjá agbára mẹ́gádì.

Ohun mẹ́ta ni ìránṣẹ́ náà ń gbé lọ: ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ wà, aago tí ẹ wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ráyè yan ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú MENU kí ẹ tó di bọ́tìnnì mú, iná, omi wíwọlé, ọkọ̀ rírì, èèyàn jíjábọ́ sómi, á gbé ìyẹn náà lọ. Tí ẹ ò bá ráyè, ẹ má wulẹ̀ wá a.

Ṣùgbọ́n fọ́tò yín fi hàn pé rédíò yín ò mọ ibi tó wà. Ìlà kéékèèké yẹn nìyẹn. Bóyá kò ní GPS nínú, tó ń retí kí ẹ fi wàyà so ó mọ́ GPS ìta. Bóyá ó ní, tí òrùlé irin sì bò ó. Nígbà tó bá rí ibi tó wà, nọ́mbà tí ẹ ó máa rí ní àgbègbè Èkó á máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6° N àti 3° E; tí ẹ bá dé Bàdágìrì, 3° yẹn á di 2°. Erékùṣù Èkó fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 6°27′ N, 3°24′ E. Tí ẹ bá bá W níbi tó yẹ kí E wà, ibi tí rédíò rò pé òun wà kọ́ ni ibi tí ẹ wà, àwọn tó bá fẹ́ yọ yín á máa wá yín kiri ojú òkun lápá ibòmíràn. Ẹ̀yin náà lè fi ọwọ́ kọ tiyín sí i tí kò bá sí GPS, àmọ́ fún bọ́ọ̀tù tí kì í dúró lójú kan, mi ò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Rédíò púpọ̀ á di nọ́mbà àfọwọ́kọ náà mú fún wákàtí 23 àti ààbọ̀ kó tó pa á rẹ́, ẹ sì lè ti lọ Bàdágìrì kí ẹ sì ti padà dé nígbà ẹ̀ẹ̀mélòó láàárín ìgbà yẹn. Ní ti aago, ó máa fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, aago UTC, ìyẹn aago àjọlò àgbáyé, ni gbogbo àwọn awakọ̀ òkun ń lò.

Ẹni tí ẹ jẹ́ ni ibi tó ti máa ń dun àwọn tó ra tòkunbọ̀. Orúkọ tí bọ́tìnnì pupa ń gbé lọ ni wọ́n ń pè ní MMSI, nọ́mbà 9. Ti ọkọ̀ Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 657. Ẹ pa rédíò, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ má ṣẹ́jú: rédíò púpọ̀ máa ń fi MMSI hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí síkírìn tó bọ́ sí ìkànnì. Tí èyí tí ẹ bá rí bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 338, 366, 367, 368 tàbí 369, ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà lẹ ń jẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá di bọ́tìnnì pupa mú, orúkọ ẹlòmíràn ni rédíò yín á máa ké. Tí kò bá sí nọ́mbà kankan nínú rẹ̀ rárá, bọ́tìnnì pupa ò ní rán ohunkóhun, ṣìgìdì lásán ni.

Ẹ má ṣe hùmọ̀ nọ́mbà sí i o. Rédíò máa ń gbà kí ẹni tó ni ín kọ MMSI lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á tìlẹ̀kùn. Oníṣẹ́ tó ní irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan ló lè ṣí i. Kí ọ̀gá yín béèrè nọ́mbà tiyín lọ́wọ́ àwọn tó fún bọ́ọ̀tù náà ní ìwé àṣẹ, kó sì gbé rédíò náà fún oníṣẹ́ kó pa ti Amẹ́ríkà rẹ́. Títí di ìgbà náà, ẹ gbà pé ẹ ò ní bọ́tìnnì pupa. Ohùn yín lórí 16 lẹ ní.

Ohùn yẹn náà kò ṣeé fi sílẹ̀ kódà tí bọ́tìnnì pupa bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti ránṣẹ́ tán, rédíò á máa tún ìránṣẹ́ náà rán ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 síra títí ẹnì kan á fi fèsì. Ẹ má jókòó máa wò ó. Ẹ bọ́ sí 16 ní HI, ẹ pe Mayday, ìyẹn igbe ìrànwọ́ ojú omi, nígbà mẹ́ta, orúkọ bọ́ọ̀tù nígbà mẹ́ta, ibi tí ẹ wà, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti iye èèyàn tó wà nínú bọ́ọ̀tù. Iye èèyàn yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kúrò ní jẹ́tì, kì í ṣe ìgbà tí omi bá ti dé orúnkún lẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí. Tí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn, ẹ rántí ibi tí ẹ wà. Orúkọ abúlé tó wà létí omi tàbí bírí́jì tí ẹ ń wò lọ́ọ̀ọ́kán náà tó.

Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni bọ́tìnnì náà fi lọ, ẹ má pa rédíò kí ẹ sá. Ẹ tẹ ibi tí síkírìn bá ti ń kọ CANCEL, ẹ wá sí orí 16, kí ẹ sọ fún gbogbo ọkọ̀ pé àṣìṣe ni, pẹ̀lú orúkọ àti MMSI yín. Kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ẹni tó dákẹ́ ni wọ́n máa ń bú, torí àwọn èèyàn á ti gbéra láti wá a.

Àwọn bọ́tìnnì tó kù ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. 16/C ni ẹ ó tẹ̀ tí orí bá dàrú, ibikíbi tí ẹ bá wà á gbé yín padà sí 16. DW á jẹ́ kí rédíò máa gbọ́ 16 àti ìkànnì tí ẹ wà pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ ní títàn. SCAN ń sáré káàkiri gbogbo ìkànnì, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ fún awakọ̀ tó ń di ìdarí mú, ó dára fún ẹni tó gúnlẹ̀ tó ń wá eré. Tí àwòrán kọ́kọ́rọ́ bá hàn lójú síkírìn tí bọ́tìnnì kankan ò sì dáhùn, ẹnì kan ti tì í ni, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LOCK sí, kí ẹ dì í mú díẹ̀. Tí síkírìn bá sì dúdú lọ́sàn-án gangan, ẹ kọ́kọ́ bọ́ awò oòrùn yín. Awò oòrùn mìíràn máa ń pa síkírìn irú èyí rẹ́ pátápátá. Ọkùnrin kan ti gbé rédíò wá bá mi láti Ẹ̀pẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ awò.

Ẹ ṣe SQL àti H/L lónìí, USA lọ́la tí ẹ bá ti rí ìwé rẹ̀. Tí ẹ bá ti tún rédíò tàn tí MMSI bá yọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kíákíá kó tó lọ, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò èríàlì, kí n lè sọ fún yín bóyá oníṣẹ́ lẹ nílò tàbí òpó. Ẹ fi àtàǹpàkò bo nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn.